Ohùn Ìyá Mi Lẹ́nu Ọmọ Ọlọ́mọ

Oṣù Kejì, ọjọ́ kẹsàn-án

Màmá mi, ọ̀gá télọ̀, ẹni tó ń fi ẹnu lásán tú aṣọ,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú wàhálà àwọn ọmọṣẹ́. Ṣé ẹ̀rọ ìránṣọ yín tó ń wúkọ́ ti gbádùn? Ṣé ẹsẹ̀ yín ti ń wálẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́? Àlàáfíà ni mo wà. Àǹtí, àbúrò yín, ní kí n kí yín. Ìkíni wọn gùn gan-an, mo gé e kúrú kí pépà lè tó.

Mo ti gbà pé fóònù di èèwọ̀ láàárín èmi pẹ̀lú yín. Ẹni tó gbé fóònù, tó fi ohùn Àǹtí sọ fún ìyá tó bí i pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yín ń ṣe dáadáa, ẹ fọkàn balẹ̀," kò ní àwíjàre tí ìyá rẹ̀ bá sọ pé, "Láti òní lọ, lẹ́tà ni. Pépà kò ní ohùn." Ṣùgbọ́n Màmá, ẹ gbà pé mo ṣe é dé ojú àmì. Ẹ tiẹ̀ bi "Àǹtí" léèrè bàtà tí wọ́n yá lọ́wọ́ yín, mo sì dá yín lóhùn pé mò ń bọ̀ wá dá a padà.

Ó dáa. Ìròyìn rèé. Ẹ jókòó kí ẹ tó kà á.

Mo ti di tíṣà.

Ẹ má ya lẹ́tà yìí, ẹ kà á dópin. Ilé ìwé tí Àǹtí ti ń nu ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń lọ bá wọn gbé báàkẹ́ẹ̀tì tí mo bá ti dé láti ilé ìwé tèmi. (Mò ń lọ, Màmá. Láràárọ̀ ni mò ń lọ.) Ọ̀gá ilé ìwé náà, obìnrin gíga kan tó ń rìn bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, wá bá wa ní kọ́ríídọ̀. Ó ní ọmọ àwọn èèyàn wa pọ̀ lọ́dọ̀ òun, wọn ò sì gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú Yorùbá. Àwọn òbí wọn fẹ́ kí ẹnìkan máa kọ́ wọn lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n kò sí owó tíṣà. Ta ló lè yọ̀ǹda ara rẹ̀? Àǹtí wo ilẹ̀. Èmi na ọwọ́ sókè. Àǹtí fà á wálẹ̀. Mo na ìkejì.

Yàrá tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù àti àga tó ti ṣẹ́ sí ni wọ́n fún wa. Pátákó wà, ṣọ́ọ̀kì wà, fèrèsé kan wà tí kì í fẹ́ pa dé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọlé, àwọn ọmọ náà ń wò mí bí ẹni tó gbé abẹ́rẹ́ wá fún wọn. Mo kọ "a, b, d" sójú pátákó, ọ̀kan sùn. Lọ́jọ́ kejì mo tún un kọ, àwọn méjì sùn, ọ̀kan tiẹ̀ ń hanrun. Lọ́jọ́ kẹta ni mo dá ọgbọ́n kan, láti ìgbà náà oorun ti ṣí kúrò ní kíláàsì mi. Ọgbọ́n wo ni? Màá sọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn.

Màmá, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé mi ò bẹ̀rẹ̀ nǹkan kí n parí ẹ̀ rí. Òótọ́ ni. Èyí ni màá parí. Ẹ ṣáà súre fún mi.

Èmi ni Ẹ̀gà, ẹyẹ tí ẹ fúnra yín sọ lórúkọ nítorí ẹnu.


Oṣù Kẹta, ọjọ́ kejì

Ẹ̀gà, ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ẹ̀rọ ò tíì gbádùn, ẹsẹ̀ ò tíì gbádùn, èmi náà ò tíì gbádùn, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣáà ń ṣiṣẹ́ lọ.

Mo ka lẹ́tà rẹ sókè ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti di tíṣà, gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyálé Ṣọ́ọ̀bù, tó jẹ́ àgbà nínú àwọn ọmọṣẹ́ mi, yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó ní, "Ẹ̀gà wo, mà? Ẹ̀gà tiwa yìí?"

Jẹ́ kí n rán ọ létí bí o ṣe dé ibi tí o wà. Ìwọ lo wọ yàrá gbohùngbohùn ilé ìwé yín níbí, tí o fi ohùn ọ̀gá àgbà kéde pé ìsinmi ti dé, kí oníkálukú máa lọ sílé. Gbogbo ọmọ lọ. Àwọn tíṣà gan-an lọ. Wọ́n ní ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ ti gbé báàgì kó tó rántí pé òun kọ́ ló sọ̀rọ̀. Wọ́n lé ọ. Mo bẹ̀bẹ̀ títí orúnkún mi fi bó. Ìdí nìyẹn tí mo fi rán ọ lọ bá àbúrò mi lókè òkun, kí o lè parí ìwé rẹ níbi tí wọn ò ti mọ ohùn ẹnikẹ́ni tí o lè lò.

Ẹni tí kò tíì parí ìwé ló wá ń kọ́ni níwèé. Ọmọṣẹ́ tí kò tíì mọ bọ́tìnì í rán ló ń gba ọmọṣẹ́. Ọ̀fẹ́ sì tún ni! O yọ̀ǹda ara rẹ. Èmi náà yọ̀ǹda ara mi lẹ́ẹ̀kan rí, ìwọ ni mo rí gbà níbẹ̀.

Ọgbọ́n tí o dá, sọ ọ́ jáde. Ọgbọ́n tí ọmọ ń fi pamọ́ fún ìyá rẹ̀, ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni. Tí mo bá gbọ́ pé o tún ń sín ẹnikẹ́ni jẹ, ìbáà ṣe ológbò ilé yín, wàá padà wá jókòó sídìí ẹ̀rọ.

Ìyá rẹ.


Oṣù Kẹta, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi àbúrò yín ni mò ń kọ lẹ́tà yìí fúnra mi, pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Ẹ̀yìn ń dùn mí, apá ń dùn mí, ẹ mọ bí mo ṣe máa ń wí.

Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yìí! Háà! Áńgẹ́lì ni. Ó ń jí kí n tó jí. Ó ń fọ abọ́ kí abọ́ tó dọ̀tí. Ìwé tó ń kọ́ ń wọlé sí i lórí. Iṣẹ́ tíṣà tó ń ṣe lọ́sàn-án yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó máa ṣe é. Gbogbo òbí ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, mi ò rójú rajà mọ́ nítorí ọpẹ́. Kò sín ẹnikẹ́ni jẹ o. Kò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe mọ́. Ohun tó ti gbàgbé ni.

Ẹ má wulẹ̀ dá èsì padà, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi sinmi.

Àbúrò yín tó fẹ́ràn yín.


Oṣù Kẹrin, ọjọ́ karùn-ún

Ẹ̀gà,

Mi ò kí ọ.

"Àbúrò mi" kọ̀wé sí mi. Mi ò ní purọ́, mo rẹ́rìn-ín. Láti ibi ẹ̀yìn tó ń dùn ún, ó dà bíi pé ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Àṣé pépà náà ní ohùn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí àbúrò mi, kò pe ọmọ ẹnikẹ́ni ní áńgẹ́lì rí. Kò sì kọ lẹ́tà sí mi rí kó má tọrọ nǹkan. Lẹ́tà tí kò tọrọ nǹkan, tó tún ní kí n fi sinmi? Sinmi! Ta ló fún un ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

Lọ́sẹ̀ kan náà ni ti àbúrò mi gan-an wọlé. Ó tọrọ nǹkan mẹ́ta kó tó rántí sọ ìròyìn. Ó ní òun ń nu kọ́ríídọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí òun gbọ́ ohùn mi nínú yàrá bọ́ọ̀lù: "Ta ló gbé sísọ́ọ̀sì mi? Ẹ fẹ́ pa mí níbí! Tú u! Mo ní kí o tú u!" Ó ní báàkẹ́ẹ̀tì bọ́ lọ́wọ́ òun, òun já wọlé, òun ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ dé?" Ọmọ kékeré kan ló bá níbẹ̀, tí orí rẹ̀ kò ga ju tábìlì lọ, ó fọwọ́ méjèèjì sí ìbàdí. Gbogbo àwọn yòókù náà fọwọ́ sí ìbàdí.

Ẹnu mi ni ọgbọ́n rẹ, àbí?

Mo mọ̀ pé ẹ máa ń sín mi jẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìwọ àti àwọn ọmọṣẹ́. Kò sí ọ̀gá tí wọn kì í sín jẹ. Ṣùgbọ́n o kó mi dé ìlú onílùú, o fi mí ṣe ìran fún ọmọ ọlọ́mọ. Èwo ló wá dùn mí jù? Mo jókòó, mo rò ó. Láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ, ohun tí o rí mú lára mi nìyẹn? Igbe?

Fi kíláàsì náà sílẹ̀. Tí o kò bá fi í sílẹ̀, má kọ̀wé sí mi.

Ìyá rẹ.


Oṣù Karùn-ún, ọjọ́ kẹrin

Màmá mi,

Ẹ ní kí n má kọ̀wé. Mò ń kọ̀wé. Ẹ ní kí n fi kíláàsì sílẹ̀. Mi ò ní fi í sílẹ̀. Ó yá, mo ti sọ èyí tó le, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyókù.

Lọ́jọ́ kẹta tí mo sọ yẹn, ọmọkùnrin kan tí à ń pè ní Gígùn ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri. Mo bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé. Kò gbọ́. Ni ẹnu mi bá ṣí, ẹ̀yin lẹ jáde: "Ìwọ! Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn? Gbé e sílẹ̀ kí n tó dé ibẹ̀!" Màmá, ó gbé e sílẹ̀. Kò mọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀! Ó wá rọra wí i tẹ̀lé mi, "Gbé e sílẹ̀," bí ẹni ń tọ́ nǹkan wò. Àwọn yòókù bá gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ṣọ́ọ̀bù yín ni kíláàsì mi. Pépà ni à ń fi ṣe aṣọ. Wọ́n ń wọn ara wọn, wọ́n ń gé, wọ́n ń lẹ̀. Wọ́n ti mọ èjìká, àyà, ọrùn ọwọ́. Wọ́n mọ "fà á wá síbí", wọ́n mọ "ó ti fún jù", wọ́n mọ "ta ló kọ́ ẹ nírú èyí?" Ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn. Èmi kàn ń yá yín lẹ́nu ni.

Wàhálà wá dé. Ọjọ́ àbẹ̀wò ni. Àwọn òbí jókòó yí ká. Bàbá àgbà Gígùn wà níbẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé wá máa gbé lọ́dọ̀ wọn ni, èdè wa nìkan ló gbọ́. Ọrùn ẹ̀wù bàbá náà wọ́ díẹ̀, Gígùn sì rí i. Inú rẹ̀ dùn pé òun fẹ́ fi hàn bí òun ṣe gbọ́ èdè tó. Ó dìde níwájú gbogbo ayé, ó fọwọ́ sí ìbàdí, ó na ìka sí bàbá tó bí bàbá rẹ̀, ó ní:

"Ta ló rán ìránkúràn yìí? Ojú ẹ fọ́ ni? Bọ́ ọ! Bọ́ ọ kíá ká tú u!"

Màmá, kò ṣì í rárá. Ẹ̀yin gan-an ni, títí dé ibi tí ẹ ti máa ń mí sókè. Bàbá náà wo ọmọ, ó wá wò mí. Ó ní, "A rán wọn wá síbí kí wọ́n lè máa bá wa sọ̀rọ̀. Èébú lẹ wá fi kọ́ wọn." Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó jáde. Gígùn ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń bi mí pé, "Tíṣà, mi ò sọ ọ́ dáadáa ni?"

Ìyá Gígùn ló kọ́kọ́ mú ẹjọ́ wa lọ bá ọ̀gá ilé ìwé, àwọn òbí yòókù tẹ̀lé e. Wọ́n ti kíláàsì. Mo lọ dúró lẹ́nu ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé. Wọ́n lé mi, mo padà. Wọ́n tún lé mi, mo tún padà, mo ń bá wọn nu ilẹ̀kùn tí kò dọ̀tí. Nígbà tó sú wọn, wọ́n ní ó dáa, kí n máa kọ́ wọn lọ títí di ìparí táàmù. Lọ́jọ́ náà wọ́n á pe àwọn òbí àti bàbá náà. Tí àwọn ọmọ bá lè bá àgbà sọ̀rọ̀ bí ó ṣe yẹ, kíláàsì á dúró. Tí wọn ò bá lè ṣe é, ó parí nìyẹn.

Ìṣòro mi rèé. Ohùn ọ̀gá nìkan ni mo fi kọ́ wọn, mi ò kọ́ wọn ní ohùn ẹni tí ọ̀gá ń bá wí. Mi ò mọ̀ ọ́n ni! Mo lè ṣe ẹ̀yin, mo lè ṣe Àǹtí, mo lè ṣe ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yín tí atẹ́gùn bá ń tì í. Mi ò lè ṣe ọmọ dáadáa. Mo gbìyànjú ẹ̀ níwájú dígí, ó jọ ẹni tó fẹ́ jí nǹkan.

Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Tí ẹ bá pariwo mọ́ Ìyálé Ṣọ́ọ̀bù, kí ni ó máa ń fi dá yín lóhùn? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi.

Ẹ̀gà.


Oṣù Kẹfà, ọjọ́ kìíní

Màmá,

Mo ti yẹ àpótí lẹ́tà wò títí àwọn tí a jọ ń gbé ilé fi rò pé mò ń ṣọ́ olè. Kò sí nǹkan kan. Lẹ́tà yín kì í pẹ́ báyìí. Àǹtí ní ẹ wà láàyè, pé ẹ kàn ń bínú ni. Mo ní ṣé ó dá yín lójú? Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi tó bá kú, gbogbo ayé ló máa gbọ́ ariwo ẹ̀."

Mo ti ń gbìyànjú nìkan. Mo kọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n máa sọ pé "ẹ jọ̀ọ́, mà". Ohùn yín ni wọ́n fi ń sọ ọ́, nítorí òun nìkan ni wọ́n ní: "Ẹ JỌ̀Ọ́! Mo ní ẹ JỌ̀Ọ́! Ẹ ò gbọ́ ni?" Olùṣọ́ gbọ́ ọ láti géètì, ó sáré wá, ó rò pé a ń jà.

Ìparí táàmù ti ń sún mọ́. Ẹ dá mi lóhùn, kódà kó jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ bú mi.

Ẹ̀gà.


Oṣù Kẹfà, ọjọ́ kejìlélógún

Ẹ̀gà, ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo ti kọ lẹ́tà sí ọ ṣáájú èyí. Mo ka èyí tí mo kọ, mo gbọ́ ara mi nínú rẹ̀, mo ya á. Mo tún òmíràn kọ, mo tún ya á. Láti ìgbà tí o ti ṣe nǹkan yìí sí mi, mi ò lè ní kí ẹnikẹ́ni gbé òwú wá kí n má gbọ́ bí ohùn mi ṣe ń dún.

Mo bi Ìyálé Ṣọ́ọ̀bù léèrè ìbéèrè rẹ. Mo ní, "Tí mo bá pariwo mọ́ ọ, kí lo máa ń sọ?" Ẹ̀rù bà á, ó rò pé ẹjọ́ ni. Ó ní, "Mo máa ń sọ pé, ẹ má bínú, mà. Ibi báyìí ló ti wọ́. Ẹ fi hàn mí." Mo ní, "Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ?" Ó ní, "Lẹ́yìn náà, ẹ ó dákẹ́, mà. Ẹ ó jókòó. Ẹ ó gbé aṣọ náà lé itan, ẹ ó sì fi hàn mí."

Àwọn yòókù ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀kan ní ohùn mi máa ń rẹlẹ̀ nígbà náà débi pé wọ́n ní láti tẹ orí sí mi kí wọ́n tó gbọ́. Mi ò mọ̀ pé mò ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwọ náà ò mọ̀, o ò sì lè mọ̀, nítorí pé tí mo bá ti pariwo tán báyìí, o ti sáré jáde lọ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilé. O ò dúró gbọ́ ìyókù rí.

Iwájú ẹ̀wù nìkan lo rán, Ẹ̀gà. O fi wọ ọmọ ọlọ́mọ, o ní kó máa lọ sáàárín èèyàn, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Báwo ni bàbá àgbà rẹ̀ kò ṣe ní bínú?

Mo ti sọ ohun tí o fẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n kó tó di pé o fi kọ́ ẹnikẹ́ni, kọ́kọ́ lò ó fún mi. Má fi ohùn Ìyálé Ṣọ́ọ̀bù lò ó o, màá mọ̀. Fi tìrẹ lò ó. Èmi ni mo bí ọ, mo ti gbọ́ gbogbo èèyàn àdúgbò lẹ́nu rẹ, mi ò tíì gbọ́ ìwọ.

Ìyá rẹ.


Oṣù Keje, ọjọ́ kẹtàlá

Màmá mi,

Ẹ má bínú. Mo mú ohùn yín láì tọrọ ẹ̀. Ibi tó pa mí lẹ́rìn-ín ni mo mú, mi ò dúró gba ìyókù. Ẹ ti fi hàn mí, mo sì ti rí i. Mo kọ ìlà mẹ́rin yìí títí ọwọ́ fi ń ro mí, nítorí gbogbo ìgbà tí mo bá kọ ọ́, ẹlòmíràn ló ń jáde. Mi ò mọ̀ bóyá èmi lẹ gbọ́ yìí. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ ni.

Ní báyìí, ẹ gbọ́ bó ṣe lọ.

Mo pín àwọn ọmọ sí méjì méjì, ọ̀gá kan, ọmọṣẹ́ kan. Ọ̀gá á pariwo tirẹ̀, ọmọṣẹ́ á ní, "Ẹ má bínú, mà. Ibi báyìí ló ti wọ́. Ẹ fi hàn mí." Ọ̀gá á wá jókòó, á gbé pépà lé itan, á rẹ ohùn sílẹ̀. Ẹ ò mọ bí rírẹ ohùn sílẹ̀ ṣe nira tó fún ọmọ tó ti mọ igbe! A ṣe é, a tún un ṣe. Ẹnikẹ́ni tó bá sáré rẹ́rìn-ín, mo ní kó dúró gbọ́ ìyókù.

Lọ́jọ́ náà, àwọn òbí kún yàrá bọ́ọ̀lù. Ìyá Gígùn wà níwájú, ó dijú mọ́rí. Bàbá àgbà jókòó lẹ́yìn, ó ká apá mọ́ àyà. Àwọn ọmọ ṣe é, Màmá, kò sí ẹni tó ṣìnà. Àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Mo ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tí bàbá náà gbá ọ̀pá mọ́lẹ̀.

Ó ní, "Àkọ́sórí ni. Odídẹrẹ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀." Ó pe Gígùn. "Ìwọ, wá. Gbé pépà yẹn sílẹ̀. Má wo tíṣà rẹ. Kí ni ìwọ fẹ́ bá mi sọ?"

Gígùn wò mí. Mo la ẹnu, ọ̀gá ilé ìwé mi orí sí mi. Mo fi eyín di ètè mi mú. Èmi tí mo lè fi ohùn ẹnikẹ́ni gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀, mo dúró bí igi.

Ọwọ́ Gígùn lọ sí ìbàdí fúnra rẹ̀. Ó rí i níbẹ̀, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó rìn lọ síwájú bàbá náà, ó ní, "Bàbá àgbà. Ẹ má bínú." A rò pé ó tán. Ló bá tún bẹ̀rẹ̀, ó ń wá ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa bọ́tìnì nílẹ̀:

"Nílé, Mọ́mì ń sọ èdè ibí. Dádì ń sọ èdè ibí. Ẹ̀yin ń dákẹ́. Ẹ ń wo ògiri. Mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀. Sísọ́ọ̀sì nìkan ni mo mọ̀. Ẹ fi èyí tó kù hàn mí."

Màmá, kò sí nínú ohun tí mo kọ́ ọ. Mi ò mọ ohùn ta ni. Mo wá a nínú gbogbo ohùn tí mo ní, mi ò rí i. Tirẹ̀ ni.

Ìyá rẹ̀ sọ orí kọ́. Bàbá náà ń fi àtàǹpàkò nu orí ọ̀pá rẹ̀. Nígbà tó yá ó sún díẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, ó ní, "Jókòó." Gígùn jókòó. Ó ní, "Kí ni wọ́n ń pe èyí?" "Mi ò mọ̀, sà." "Ọ̀pá ni." "Ọ̀pá." "Èyí ńkọ́?" "Orúnkún! Tíṣà ti kọ́ wa." "Ẹn-hẹn. Orúnkún yìí, nígbà tí mo kéré bíi tìrẹ báyìí ni mo fi ṣubú lórí igi..." Ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn, ọmọ yẹn kò lè gbọ́ ju ìdajì lọ, ṣùgbọ́n kò mú ojú kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé ń dá àwọn òbí lóhùn, àwọn òbí ń wọ aṣọ òtútù wọn, àwọn méjì yìí ò tiẹ̀ mọ̀ pé ìpàdé ti tú. Ọ̀gá ilé ìwé fọwọ́ tọ́ mi, ó ní kí ni wọ́n ń sọ? Mo ní wọ́n ń ṣiṣẹ́.

Kíláàsì dúró, Màmá! Bàbá àgbà ní òun á máa wá jókòó, kí àwọn ọmọ lè ní àgbà gidi tí wọ́n á máa bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n òun ò ní jókòó sórí àga tó ti ṣẹ́. Àǹtí ti ń wá àga kiri.

Tí ẹ bá tún ní kí n fi kíláàsì sílẹ̀, màá kúnlẹ̀, màá bẹ̀ yín dáadáa, màá sì máa kọ́ wọn lọ.

Ọmọ yín.


Oṣù Kẹjọ, ọjọ́ kẹfà

Ọmọ mi,

Mo gbọ́ ọ. Ìlà mẹ́rin yẹn, ìwọ ni. Mi ò ka ìyẹn sókè ní ṣọ́ọ̀bù, ìyókù ni mo kà fún wọn, Ìyálé Ṣọ́ọ̀bù sunkún sórí aṣọ oníbàárà.

Máa kọ́ wọn lọ. Kí o sì parí ìwé tìrẹ, mi ò tíì gbàgbé, má fi bàbá ẹni ẹlẹ́ni bò ó mọ́ mi lójú.

Lánàá, ọmọṣẹ́ tuntun tí mo gbà rán apá aṣọ mọ́ ibi ọrùn. Apá, mọ́ ọrùn! Mo fọwọ́ sí ìbàdí, mo la ẹnu, ni mo bá gbọ́ gbogbo àwọn ọmọ rẹ wọ̀nyẹn nínú ọ̀fun mi, tí wọ́n ń dúró kí n bẹ̀rẹ̀. Mo pa ẹnu dé. Ìyálé Ṣọ́ọ̀bù ní, "Màmá, ṣé kò sí nǹkan?"

Mo ro ara mi wò. Mo ní, èmi ni mo kúkú ni ẹnu mi. Mo pariwo. Mo pariwo dáadáa, ẹni tó ń kọjá lọ lójú títì dúró. Nígbà tí mo ṣe tán, mo fà á jókòó tì mí, mo gbé aṣọ náà lé itan, mo ní, "Jọ̀ọ́, wò ó. Ibi báyìí ni."

Mi ò sọ "jọ̀ọ́" fún ọmọṣẹ́ rí. Ó gbọ̀n ju ìgbà tí mò ń pariwo lọ.

Fi ìyẹn náà kọ́ wọn.

Ìyá rẹ.